Ẹ Fẹsẹ̀ Rìn Ín Kí Ẹ Tó Kọ Ọ́: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Fẹ́ Kọ Ìtàn Ìlú Yín ní Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfẹ́ ilé. Inú mi dùn púpọ̀ pé ẹ fẹ́ kọ ìtàn ìlú yín sílẹ̀, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dín kù, ìlú kékeré ló sì máa ń tètè pàdánù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni mò ń kà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ ti kọ: ọdẹ kan ti Ilé-Ifẹ̀ wá, ó rí odò, ó tẹ̀dó. Bí a bá yọ orúkọ ìlú kúrò níbẹ̀, ta ló máa mọ̀ bóyá Ìkógòsì là ń wí tàbí Òkèmẹ̀sí?

Ilẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òkìtì ni wọ́n ní orúkọ Èkìtì ti wá, òkè ló la ìlú sí ìlú, òkè náà ni àwọn baba wa sá gùn nígbà ogun. Ẹ lọ ní oṣù Ṣẹẹrẹ tàbí Èrèlé nígbà tí koríko ti gbẹ. Ẹ bẹ ọdẹ kan tàbí àgbẹ̀ tó mọ ọ̀nà oko, kí ó mú yín dé ààlà gbogbo. Odò wo ni kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn? Ibo ló ti sun, odò wo ló lọ pàdé? Ẹ kọ ọ́, kí ẹ fi fóònù sàmì síbẹ̀.

Bí ẹ bá dé ahoro ìlú àtijọ́, ẹ wolẹ̀ dáadáa. Ẹ ó rí àlàpà tó ti wó di òkìtì, àpáàdì, ọlọ tí inú rẹ̀ ti jẹ kòtò, obì àbàtà tó pọ̀ sójú kan nínú igbó, pèrègún tó tò lọ gbọọrọ. Pèrègún kì í ṣàdédé tò, ẹnìkan ló gbìn ín. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ fi rúlà tàbí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáàdì kí ẹni tó bá wò ó lè mọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá kó wálé kò lè sọ ibi tó ti wá fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá jẹ́ ojúbọ, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìbéèrè. Bí ẹ bá bi bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún pé, "Ṣé Ifẹ̀ lẹ ti wá?", yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ó ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ bi í pé, "Ibo ni wọ́n dúró sí kí wọ́n tó dé ibí? Ta ni wọ́n bá níbí?" Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ, bàbá?" Ẹ má fo ìyẹn o. Ó lè jẹ́ pé inú ìwé ètò ìwúyè ló ti kà á. Bí ẹ bá wá kọ ọ́ mọ́ ti ìwé ètò náà, ẹ ó rò pé ẹ̀rí méjì lẹ ní, ọ̀kan ṣoṣo ni.

Ẹ má sì fi àwọn ìyá sílẹ̀. Aya ilé tó ti ń fi oríkì kí ọmọ ọkọ láti àádọ́ta ọdún lè mọ orúkọ tí àwọn ọkùnrin ilé náà ti gbàgbé. Ẹ má lọ bá wọn lọ́jọ́ ọjà. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta tó. Bó bá ti rẹ àgbà, á bẹ̀rẹ̀ sí í lú ìtàn méjì pọ̀. Ẹ gbé fóònù sórí aṣọ tí a ká, nítorí tábìlì a máa dún, kó má sì jìnnà sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà kí ìpè má bàa wọlé. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́, orúkọ, ilé àti àdúgbò sínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ìyá bá pe ilé ní "ulé", tó pe iṣu ní "uṣu", bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹni tó bá ń tún èdè Èkìtì ṣe nínú oríkì lè pa orúkọ ibì kan rẹ́ láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún ńkọ́? Àgbà lè má mọ ọdún tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń ṣe nígbà tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti tó ilé-ìwé nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, bóyá ó ti bímọ nígbà ogun Bìáfrà, 1967 sí 1970, tàbí iye ọmọ tó ní nígbà tí pọ́n-ùn àti ṣílè di náírà ní 1973. Ẹ ti há ọdún náà mọ́ àárín nìyẹn.

Fún èyí tó ṣáájú, ẹ di Kírìjì mú, ogun tí Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tó pa ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú. Bàbá kan á ní ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n jà, òmíràn á ní mẹ́rìndínlógún. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn: 1877 ni a ti ń kà á, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú kúrò ní bùdó.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ àwọn ọba. Àwọn kan máa ń ka ọba mẹ́wàá, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n ọdún, wọ́n á ní ìlú ti pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ìṣirò yẹn kò dájú: oyè a máa yí kiri láàrin àwọn ilé ọlọ́ba, àgbàlagbà a máa jẹ ẹ́, kì í sì í pẹ́ lórí oyè. Wọ́n a sì máa yọ ẹni tí wọ́n rọ̀ lóyè kúrò nínú orúkọ. Ọmọbìnrin ọba tó ṣe adelé náà tọ́ sí àkọsílẹ̀, pẹ̀lú iye oṣù tó lò.

Ẹ̀yin ará Ìkógòsì, ẹ kọ ìtàn ìyàwó méjì tó di odò gbígbóná àti odò tútù, kí ẹ sì kọ ọ́ pé omi gbígbóná náà tó 70°C níbi tó ti sun, pé ó wá sí nǹkan bí 37°C níbi tí méjèèjì ti pàdé. Omi òjò ló wọnú àpáta lọ jìnnà, tó gbóná nísàlẹ̀, tó tún padà sókè. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà nínú ìwé kan náà.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ kà á sókè fún àwọn tó sọ ọ́ fún yín, ojúlé sí ojúlé. Níbi tí ilé méjì kò bá ti gbà fúnra wọn, ẹ kọ ti ilé àkọ́kọ́, ẹ kọ ti èkejì, kí ẹ dárúkọ ilé tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí ààfin, ọ̀kan sí ilé-ìwé, kí ẹ sì fún ìyá tó kì yín ní oríkì ní tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀wé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ á kà á fún un.

Èmi ni, bàbá yín.