Orúkọ tí wọ́n fi tọ́jú wa sí ilé ìkàwé

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run á máa fún yín lókun.

Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ò jẹ́ kí n sinmi. Bọ̀dá tó kọ ọ́ ní òun lọ wádìí nípa àwọn èèyàn Kétu àti Ṣábẹ, àwa Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní ilé ìkàwé yunifásítì, òun wà níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, Agbómẹ̀, ìlú àwọn ọba Fọ̀n ti Dàhòmì, ni gbogbo ìwé ń sọ, òun ò rí tiwa, ó wá parí ẹ̀ pé kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan nípa wa, pé ẹnu àwọn àgbà nìkan ló kù. Mi ò ní pe bọ̀dá yẹn ní onírọ́ láéláé, ohun tójú ẹ̀ rí ló sọ, èmi náà ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá báàgì mi mú kí n máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìwé wà o. Ìwé wà nípa wa. Orúkọ tí wọ́n fi tọ́jú wa síbẹ̀ la ò mọ̀, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi láyè.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni mo ti ń ṣe tíṣà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn a kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè ìlú wa láyé àtijọ́, ọmọbìnrin kan dúró sétí yàrà ó bi mí pé màdáàmù, ta ló gbẹ́ ẹ? Mo dákẹ́. Èmi ọmọ Kétu! Mo ní kó jẹ́ kí n bi àwọn àgbà, ó sì di dandan kí n mú ìdáhùn wá fún un torí irú ọmọ yẹn ò ní gbàgbé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gba yunifásítì kan lọ. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wọn, mo tẹ Kétu, mo fàmì sí i dáadáa bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ, kọ̀ǹpútà ní kò sí nǹkan kan. Mo yọ àmì kúrò, ìwé mẹ́ta jáde, méjì nínú ẹ̀ Brazil ló ń sọ, àwọn ẹlẹ́sìn Kàndómblé ní Bahia tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu títí dòní. Inú mi dùn sí ìyẹn lọ́nà kan, ṣùgbọ́n yàrà tiwa níbí ni mo wá wò. Bàbá kan tó ń tọ́jú ibẹ̀, tí gbogbo orí ẹ̀ ti funfun, ló dìde wá bá mi, ó ní, "Ẹ má bínú o, màdáàmù, ẹ jẹ́ n rí bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́." Mo fi hàn án. Ó ní, "Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ ló tọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kó ìwé síbí ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ó gba bíìkì lọ́wọ́ mi, ó dojú rìsíìtì fọ́tòkọ́pì mi dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ: Kétou, Ketou, Ketu, Iketu. Ó bọ́ sísàlẹ̀, ó kọ Savè, Savé, Sabe, Shabe, Chabè, Tchabè. Lẹ́yìn náà ó kọ Nago, Nagot, Anago, Yorouba, Yoruba. Ó ronú díẹ̀, ó fi Holli kún un fún àwọn Ọ̀họ̀rí, ó fi Dassa kún un fún Ìdáṣà. Rìsíìtì yẹn ṣì wà nínú Bíbélì mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ wò ó, Faransé ò ní ṣ, tí etí ẹ̀ bá gbọ́ Ṣábẹ ó lè kọ ch, ó lè kọ s lásán, u tiwa náà ó máa fi ou kọ ọ́. Orúkọ Nàgó yẹn ńkọ́, àwọn Fọ̀n ló ń pè wá bẹ́ẹ̀, gbogbo wa pátá, ì báà ṣe ará Kétu, ì báà ṣe ará Ṣábẹ, òun ni Faransé gbọ́ lẹ́nu wọn tó kọ sínú ìwé, òun náà ni wọ́n gbé rékọjá òkun lọ sí Brazil. Àwa fúnra wa tún dá kún un: ní Bẹ̀nẹ̀ níbí sh la fi ń kọ ọ́ nínú álúfábẹ́ẹ̀tì ìjọba, ɛ àti ɔ ló wà níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ. Ojú èèyàn mọ̀ pé ìlú kan náà ni. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀, lójú tiẹ̀ ìlú mẹ́fà ni.

Ẹ jẹ́ n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín tó dùn mí dọ́kàn. Fadá Thomas Moulero, ọmọ Kétu wa yìí, òun ni ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè àlùfáà Kátólíìkì, lọ́dún 1928. Fadá yìí gbọ́ ìtàn Ṣábẹ lẹ́nu àwọn àgbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1964 nínú ìwé Études dahoméennes tí wọ́n ń ṣe nílùú Àjàṣẹ́ níbí. Chabè ló pè é. Ọmọ Ṣábẹ tó bá lọ wá a lábẹ́ S, ó máa wá a títí ni. Ohun tó tún burú jù ni pé nínú ìwé àtìgbàdégbà ló wà, ilé ìkàwé tó pọ̀ kì í kọ orúkọ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan sínú kátálọ́ọ̀gù, orúkọ ìwé àtìgbàdégbà yẹn nìkan ni wọ́n ń kọ, ó sì tán. Iṣẹ́ ńlá tí Édouard Dunglas ṣe, tí Kétu wà nínú ẹ̀, tó jáde nínú ìwé yẹn kan náà ní 1957 sí 1958, àárín Dàhòmì ló fi ṣáájú nínú àkọlé ẹ̀, ìsàlẹ̀ àkọlé ni orúkọ Kétu wà. Ẹni tó bá ka ìbẹ̀rẹ̀ àkọlé nìkan, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé Kétu wà nínú ẹ̀? Bàbá onírun funfun yẹn ló kọ́ mi pé kí n má dúró sídìí kọ̀ǹpútà, kí n ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún mi, kí n ṣí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí àwọn àkọlé wà, kí n máa fìka tọ̀ ọ́ wálẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Eruku ẹ̀ ò kéré, imú mi dí, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá Kétu pàdé lójú ewé àkọ́kọ́, mo gbé ọwọ́ lé e bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí ọmọ ẹ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́, bọ́dà náà wà níbẹ̀. Ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fàlà sáàárín wa, Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ti Alákétu bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì pín bí ilẹ̀ ṣe pín. Ìtàn Kétu tí Parrinder kọ, Ìbàdàn ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1956, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, kọ ìwé ní 1976 nípa bí ìjọba òyìnbó méjèèjì ṣe ṣe sí wa, ní ìhà ibí àti ìhà ọ̀hún bọ́dà, Gẹ̀ẹ́sì náà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níbí ń sá fún Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi í sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Lórí pẹpẹ pàápàá wọn ò gbé wa pọ̀: ilé ìkàwé tó bá ń lo nọ́ńbà Dewey, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé sórí pẹpẹ, 966.83 ni Bẹ̀nẹ̀, 966.9 ni Nàìjíríà, ìwé nípa Kétu lè wà ní ọ̀kan kí ìkejì ẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lo ń wá, o máa lọ sí 390 fún àṣà, o máa lọ sí 730 fún igi gbígbẹ́, o máa lọ sí 299 fún ẹ̀sìn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO fi sípò iyì lọ́dún 2001 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pọ̀, nínú ilé ìkàwé ńṣe ló fọ́n ká bí ẹyin awó.

Ọmọ àbúrò mi wà ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, mo ní kó bá mi wo tọ̀hún. Wọ́n ní ohun kan níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti Yale ní 1949, Human Relations Area Files ni wọ́n ń pè é, wọ́n kó ìwé nípa àwọn ẹ̀yà káàkiri ayé jọ, wọ́n wá ń fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé tó o bá fẹ́ mọ̀ nípa ìsìnkú, o tẹ 764, gbogbo ìpínrọ̀ tó sọ nípa ìsìnkú ló máa jáde. Ó dáa gan-an ni. Ọmọ yẹn pè mí lórí WhatsApp ó ní, "Ìyá mi, wọn ò fi wá síbẹ̀ o, àwọn Fọ̀n nìkan ni mo rí, FA18." Mo ní kó lọ wo Yorùbá. Ó débẹ̀, ó bá FF62. FA jẹ́ ti ilẹ̀ tí Faransé ṣèjọba lé lápá ibí, FF jẹ́ ti Nàìjíríà. Ibi tí wọ́n fi wá sí nìyẹn, àwa tá a wà ní Kétu àti Ṣábẹ, abẹ́ lẹ́tà Nàìjíríà ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí wá wa. Mi ò bá wọn jà sí i, wọ́n kúkú fi Yorùbá sábẹ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ á ní wọn ò kọ wá.

Èyí tó wà ní Bìmíńgámù tún ṣe mí ní kàyéfì. Àlùfáà Crowther, míṣọ́nnárì, dé Kétu ní 1853, Alákétu gbà á lálejò, ògiri ìlú ṣì wà lódidi nígbà yẹn, àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ogun Dàhòmì tó fọ́ ìlú ní 1886. Ẹni tó fojú ara ẹ̀ rí Kétu kó tó fọ́, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó sì jókòó kọ ọ́! Ìwé àwọn CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí, wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Bìmíńgámù nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ò rí i pé òkè òkun ni ìtàn ìlú wa wà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó ń lọ kàwé níbẹ̀ lọ béèrè ẹ̀, kí wọ́n ní ìwé Crowther nípa Kétu làwọn ń wá.

Ọmọbìnrin kíláàsì mi gba ìdáhùn ẹ̀: ìtàn ní ayé Alákétu Sà ni wọ́n gbẹ́ yàrà yẹn tí wọ́n sì mọ ògiri ìlú. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ẹ̀.

Ohun tó wá mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyí. Nínú ilé ìkàwé yẹn, mo bá mémoire akẹ́kọ̀ọ́ kan pàdé, ìwé ìwádìí tí wọ́n fi ń parí ẹ̀kọ́, èèpo ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ti ń já lẹ́yìn, ó sọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílé wa. Mo fọ́tòkọ́pì ojú ewé mọ́kànlá, mo gbé e lọ sí Kétu fún Ìyá Àgbà wa, mo ń ka Faransé mo ń yí i sí Yorùbá fún wọn bí mo ṣe ń lọ. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n di ojú, wọ́n ń mi orí. Mo dé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kọ orin kan sí, tó ní ọ̀sán ni wọ́n ń kọ ọ́ tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ń jó. Ìyá Àgbà la ojú. Wọ́n ní rárá o, orin Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn, òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń kìlọ̀ fún ìlú, tílẹ̀ bá mọ́ tó di ọ̀sán ijó ló kù. Wọ́n wá kọ orin yẹn bó ṣe yẹ kó jẹ́, ìlà méjì wà níwájú tí akẹ́kọ̀ọ́ ò kọ. Mo gbé fóònù sílẹ̀ mo gbà á sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Ta ni ọmọ yẹn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀?" Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, mo wò ó. Obìnrin àgbàlagbà kan ní Kétu, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Kò sórúkọ.

Ìyá Àgbà ò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n ní kí n bá wọn gbé omi wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ kọ orúkọ àwọn tó bá yín sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbà kẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ dẹ̀ gbé ẹ̀dà kan padà wá sílé tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ jókòó kà á fún wọn kẹ́ ẹ tó lọ fi bíńdì. Ẹni tó bá ní ìwé kan nípa ìlú ẹ̀ tí wọ́n tọ́jú sábẹ́ orúkọ mìíràn, kó lọ sọ fún àwọn tó ń tọ́jú ilé ìkàwé, wọ́n lè fi káàdì kan kún un kó tọ́ka sí ara wọn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo ṣe é fún Kétu. Mo kọ àtúnṣe Ìyá Àgbà sórí ewé kan, mo kọ orúkọ wọn sí i nítorí wọ́n fọwọ́ sí i, Bàbá onírun funfun gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi pín-ìn-nì há a mọ́ inú èèpo aláwọ̀ ewé mémoire yẹn.

Olóòtú wa, tí àyè bá wà, ẹ bá wa tẹ àwọn orúkọ tó wà lórí rìsíìtì yẹn sójú kan nínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n tóbi díẹ̀ kí ọmọ lè gé e dání lọ. Kí àwọn ará Ṣábẹ, àwọn ará Ọ̀họ̀rí, àwọn ará Ìdáṣà fi èyí tí wọ́n bá mọ̀ ránṣẹ́, torí tiwọn lè pọ̀ ju bí Bàbá ṣe kọ ọ́ lọ. Bọ̀dá tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, tó bá ka èyí, kó padà lọ síbẹ̀, kó wo Ch.

Èmi ni,
Tíṣà kan, ọmọ Kétu, nílùú Àjàṣẹ́.