Orin rọ́ọ̀kì kì í ṣe ariwo àgbá òfìfo

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, níbi tó ti sọ pé orin rọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó, pàápàá jù lọ ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní grunge, kò yàtọ̀ sí ariwo àgbá òfìfo, àti pé ọmọ Yorùbá tó bá ń gbọ́ ọ kò mọ iyì ìlù. Pàkátà ní Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ìlù dàdàkúàdà ni mo jí bá létí, mo sì ti ń gbọ́ rọ́ọ̀kì láti ọdún 1992, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì mú kásẹ́ẹ̀tì Nirvana, ẹgbẹ́ onígrunge Amẹ́ríkà kan, wálé. Ìyá wa ní kí ó pa á. Èmi ni mo tún tàn án nígbà tí wọ́n lọ sí ọjà. Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀gbẹ́ni náà lóhùn, nítorí pé ìlù gan-an ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ orin yìí.

Inú ilé àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Headley Grange, ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Led Zeppelin wà nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí àwo wọn kẹrin, èyí tó jáde ní ọdún 1971. Nígbà tó kan orin tí wọ́n pè ní "When the Levee Breaks", ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé náà ni wọ́n gbé ìlù John Bonham, onílù wọn, sí, ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, Andy Johns tó ń gba ohùn sílẹ̀ sì fi makirofóònù méjì kọ́ sókè láti orí àtẹ̀gùn náà. Ohun tó wọ inú àwo kì í ṣe ìlù nìkan. Ògiri, àjà àti afẹ́fẹ́ ilé náà bá a wọlé. Ẹni tó bá ti jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ agboolé ńlá ní Ìlọrin nígbà tí àwọn onílù wọlé wá kí ọkọ ìyàwó yóò mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ìlù abẹ́ òrùlé àti ìlù gbangba kì í dún bákan náà. Bonham kì í sì í kánjú. Bó ṣe ń lu ìlù yẹn, ńṣe ló dà bí ẹni tó fẹ́ pẹ́ dé, síbẹ̀ kò pẹ́ rí. Nígbà tó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, àwọn mẹ́ta tó kù tú ẹgbẹ́ náà ká lọ́dún yẹn kan náà. Níbí, bí olórí olórin bá kú, ọmọ rẹ̀ lè gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò tíì gbọ́ ẹgbẹ́ wa kan tó tú nítorí pé onílù kú. Ta ni ká wá sọ pé kò mọ iyì ìlù nínú wa?

Orin "When the Levee Breaks" fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn òyìnbó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kansas Joe McCoy àti Memphis Minnie, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1929, lórí omíyalé tí odò Mississippi fà ní ọdún 1927, èyí tó lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, aláwọ̀ dúdú púpọ̀ nínú wọn, kúrò nílé. Àwa tí a mọ ohun tí odò Àsà máa ń fojú ẹni rí ní ìgbà òjò kò nílò ògbufọ̀ fún irú orin bẹ́ẹ̀.

Ní ti ariwo, mo gbà pé orin rọ́ọ̀kì le, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n ìwúwo yẹn ní ìtàn. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi, onígìtá ẹgbẹ́ Black Sabbath, nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan ní Birmingham gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn gìtá, nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó yọ́ ike, ó fi mọ ìbọ̀ka fún ara rẹ̀, ó wá okùn tó tín-ín-rín, nígbà tó sì yá, ó dẹ àwọn okùn náà kí wọ́n má baà máa ni ín lára. Dídẹ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí gìtá Black Sabbath máa kùn bí ààrá ọ̀nà jíjìn. Onídùndún kò ní bi mí pé báwo ni, nítorí òun náà mọ̀ pé bí òun bá fún ọsán ìlù mọ́ apá, ohùn á ròkè, bí òun bá sì tú u, ohùn á wálẹ̀.

Ohùn ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn ẹgbẹ́ onígrunge ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, bíi Soundgarden àti Alice in Chains, jogún. Nirvana ní tiwọn wá láti Aberdeen, ìlú kékeré àwọn agégẹdú, àwo wọn Nevermind sì lé Dangerous ti Michael Jackson kúrò ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 1992. Ó dà bí ìgbà tí ọmọ Òmù-Àrán kan bá gbé ìlù wọ Èkó tó sì gba gbogbo òde àríyá lọ́wọ́ onílé. Síbẹ̀, In Utero ti ọdún 1993 ni mo fẹ́ràn jù. Nevermind dán jù fún mi. Kurt Cobain, akọrin wọn, kò tilẹ̀ fẹ́ kọ ohùn rẹ̀ lé ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, àfìgbà tí Butch Vig, tó darí ìgbohùnsílẹ̀ àwo náà, sọ fún un pé John Lennon ti ẹgbẹ́ Beatles náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú In Utero, Steve Albini, tó gba ohùn wọn sílẹ̀, fi ìlù Dave Grohl, onílù wọn, sílẹ̀ bó ṣe dún nínú yàrá. Albini yìí kọ̀ láti gba ìdá kankan nínú èrè àwo náà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń sanwó fún púlọ́ńbà ni kí wọ́n ṣe san tòun, kí òun ṣe iṣẹ́, kí wọ́n san owó iṣẹ́. Mo mọ àwọn bíríkìlà tí yóò bọ ọkùnrin yẹn lọ́wọ́.

Bí òǹkàwé yín bá ṣì ń sọ ti ariwo, kí ó gbọ́ orin tí Nirvana kọ ní New York ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1993, tí gìtá olóhùn pẹ̀lẹ́ pọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n tan àbẹ́là yí ara wọn ká. Orin àtayébáyé kan tí Lead Belly, aláwọ̀ dúdú ọmọ Louisiana tó kú ní ọdún 1949, sọ di tirẹ̀ ni wọ́n fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Ní ìparí, ohùn Cobain ya, ó dákẹ́, ó mí kanlẹ̀, kó tó parí gbólóhùn tó kù. Kò tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà tó fi kú, ọmọ ọdún 27. Ìyá wa, tó ní ká pa kásẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́sí, gbọ́ èyí lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ohun tí wọ́n sì bi mí ni pé ta ló kú fún ọmọ náà.

Mi ò ní purọ́, ariwo wà nínú rọ́ọ̀kì. Nígbà tí gìtá kan ṣoṣo bá ń ké fún ogún ìṣẹ́jú lórí ìtàgé, èmi náà máa ń dìde lọ bu omi mu, bí mo ṣe máa ń ṣe nígbà tí olórin wa bá jókòó sórí oríkì olówó kan ṣoṣo títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Orin yìí kò sì ṣàjèjì sí wa tó bí lẹ́tà náà ṣe sọ ọ́. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Cream ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Èkó, ó lùlù pẹ̀lú Fẹlá nínú àwo kan ní ọdún 1971, ó sì dá ilé ìgbohùnsílẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ BLO ti Nàìjíríà níbí, tí Láolú Akins ń lùlù fún, gbé àwo rọ́ọ̀kì tiwọn jáde ní ọdún 1973. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá àyè fún irú àwọn wọ̀nyí ní ojú ewé orin yín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Àwòrán tí ẹ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni náà, ti ọkùnrin tó dé akẹtẹ̀ adaran, tó sì gbé báńjò dání, kì í ṣe olórin rọ́ọ̀kì rárá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Pàkátà, Ìlọrin.