Lẹ́tà sí Múfú: òsì ni kí o máa gbá a sí

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Múfú ọ̀rẹ́ mi,

Ìjà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó béèrè àlàáfíà. Láti ọjọ́ tí o ti sọ ọ́ lórí fóònù pé bí ìbò tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa gbá gọ́ọ̀fù lórí pápá Old Course ní St Andrews bá mú yín, dráífà, igi tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, ni wàá fi fọ́ gbogbo ihò méjìdínlógún náà, kí àwọn òyìnbó lè mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn dé, oorun ò kùn mí mọ́. Ìyá Ìbejì gbọ́ tí mò ń dá sọ̀rọ̀ ní balùwẹ̀, ó ní ta ni mò ń bá wí. Mo ní Múfú ni, ó fẹ́ lọ dójú tì wá ní Scotland.

Ọmọ Àlàájà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ń padà sí Glasgow lọ́la, òun ló máa bá mi fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ ní Dundee. Wàá ní kí ló dé tí n ò fohùn sí WhatsApp. Nínú ilé yìí kẹ̀? Ohun tí èèyàn bá sọ sínú fóònù níbí, adìyẹ pàápàá ń gbọ́ ọ. Má sì fi ìkọ̀wé gbàgàdà mi ṣe yẹ̀yẹ́, báírò ni ò dáa. O ní ọjọ́ méjì péré ṣáájú ni wọ́n ń kéde orúkọ àwọn tí ìbò mú, ìyẹn ni mo ṣe ń sáré kọ ọ́ báyìí, kó ti wà nínú báàgì rẹ kí wọ́n tó pè yín.

Ilé ńkọ́? Màmá rẹ wà, òrùlé wọn kò jò mọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn dúpẹ́. Sùlè tún bí ìbejì, ẹ̀ẹ̀kejì rèé, kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìjẹta. Táíwò ti wọ Póòlì, Kẹ́yìndé ní aṣọ lòun fẹ́ máa rán. Ti owó epo mọ́tò, jẹ́ kó sinmi. Ó tó. Jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀.

Lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan ṣáájú. Wọn kì í gbá gọ́ọ̀fù lórí Old Course lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ará ìlú ló ń rìn kiri lórí rẹ̀ tàwọn tajá wọn, kọ́bọ̀ ò ní jáde lápò rẹ. Wọ bọ́ọ̀sì tó ń gba orí odò Tay. Ṣùgbọ́n ìdí ihò 18 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ, kí o máa rìn padà lọ sí 1. Mo mọ ohun tí mò ń wí. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbá pápá yẹn láti òdìkejì, ọ̀pọ̀ bọ́ńkà rẹ̀, àwọn kòtò oníyanrìn náà, sì kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ nígbà yẹn. Bí o bá dúró níbi ìbẹ̀rẹ̀ ihò 12, koríko lásán lo máa rí, pẹrẹsẹ, wàá ní ọ̀fẹ́ ni. Bọ́ńkà wà láàárín ọ̀nà níbẹ̀ bí olè tó lúgọ. Ìgbà tí o bá kọjá wọn tí o bojú wẹ̀yìn lo tó máa rí ẹnu wọn. Àbí báwo la ṣe máa ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀gá ń sùn sí ní pápá wa ní ìdájí? Ẹ̀yìn la ti ń wò ó.

Ihò kìíní kò lẹ́rù. Òun àti 18 ló jọ ni ilẹ̀ kan náà, ó fẹ̀ débi pé afọ́jú ò lè ṣì í, ọ̀nà kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ohun tó ń pa àlejò níbẹ̀ ni odò Swilcan. Kò fẹ̀ ju gọ́tà iwájú ilé Ìyá Alákàrà lọ, ṣùgbọ́n ó lẹ̀ mọ́ iwájú gíríìnì, ibi koríko rírẹ́ tí ihò àti àsíá rẹ̀ wà, bí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ọ. Iron, igi olórí irin tí kì í gbá a jìnnà bíi dráífà, ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá kan ẹ̀ẹ̀kejì, igi tí ọkàn rẹ bá yàn, mú èyí tó tún lágbára jù ú lọ. Àwọn èèyàn á ti dúró máa wò ọ́, ọwọ́ rẹ á máa gbọ̀n, bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ gbígbọ̀n bá sì gbá kì í dé ibi tí à ń rán an.

Lẹ́yìn ìyẹn, òsì. Bí o bá gbàgbé gbogbo lẹ́tà yìí, má gbàgbé òsì. Ní àlọ, igbó ẹlẹ́gùn-ún ló wà lọ́tùn-ún, òsì sì ni ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ wálé, àyè gbà ọ́ níbẹ̀. Ní àbọ̀, ògiri ló wà lọ́tùn-ún ihò 14, ojú irin ayé ijọ́un ló wà lọ́tùn-ún 16, òtẹ́ẹ̀lì ló wà lọ́tùn-ún 17. Bọ́ọ̀lù tó bá ré kọjá síbẹ̀, fi í fún Ọlọ́run. Lóòótọ́, ẹni tó bá gba ọ̀tún ni àsíá máa ń ṣí sílẹ̀ fún, ìyẹn làwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ṣe ń fi ara wọn wewu. Ìwọ ò fi gọ́ọ̀fù jẹun. Ìtọ́jú àgbàlagbà lo fi ń jẹun. Bọ́ńkà 112 ló wà lórí pápá yẹn, Tiger Woods sì fi ọjọ́ mẹ́rin gbá a níbi ìdíje The Open ní 2000 láì wọ ẹyọ kan. Ó wà lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù láyé nígbà yẹn. Síbẹ̀, bó bá rí i pé dráífà lè bá òun jà, ó máa ń dá a padà sínú báàgì.

Gíríìnì ibẹ̀ máa yà ọ́ lẹ́nu. Méje nínú wọn jẹ́ ìbejì: ihò méjì ló ń lo ọ̀kan, tí o bá sì ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀, 18 ló máa jẹ́. 2 àti 16, 5 àti 13, bó ṣe ń lọ nìyẹn. (Bá mi sọ fún Sùlè.) Àsíá funfun ni ti àlọ, pupa ni ti àbọ̀; má lọ gbá a sí tẹni ẹlẹ́ni. Ní tiwa, orí yanrìn tí wọ́n da epo mọ́ la ti kọ́ pọ́tà, igi tí à ń fi yí bọ́ọ̀lù sínú ihò, èmi àtìẹ la sì ń fi pákó fà á kó tẹ́jú kó tó kan ọ̀gá. Níbẹ̀ yẹn, bọ́ọ̀lù rẹ lè gúnlẹ̀ sórí gíríìnì, kí ó ṣì kù tó ẹnu ọ̀nà ilé yín sí mọ́sáláṣí. Nítorí náà, fi dráífà sílẹ̀, pọ́tà ni kí o máa kọ́ lójoojúmọ́, pàápàá èyí tó jìnnà. Ní 2022, lọ́jọ́ ìkẹyìn, Rory McIlroy dé gbogbo gíríìnì méjìdínlógún lásìkò, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fi pọ́tà yí i kó tó wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, Cameron Smith ló gbé ife The Open lọ.

Ihò 11 kúrú, afẹ́fẹ́ òkun sì ni olówó ibẹ̀. Bọ́ńkà tí wọ́n ń pè ní Hill wà lósì, Strath wà lọ́tùn-ún níwájú, ilẹ̀ gíríìnì sì dà síwájú bí orí páànù. Bí o bá kọjá àsíá, gbígbá padà á máa sáré bí ọmọ tó rí ìyá ẹ̀. Àárín méjèèjì ni kí o bọ́ sí, kó má tiẹ̀ dé àsíá. Ibẹ̀ ni Bobby Jones ti bínú kúrò lórí pápá ní 1921, ẹni tó padà wá gba ife níbẹ̀ ní 1927. Ìwọ, bí inú bá bí ọ, rántí pé owó tí o san kò ṣeé gbà padà.

Ihò 14: bọ́ńkà Hell, ọ̀run àpáàdì. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Jack Nicklaus wọ ibẹ̀ ní 1995, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló gbá bọ́ọ̀lù ní ihò yẹn, mẹ́wàá ló kọ sórí káàdì. Gbá èkíní sáàárín àwọn bọ́ńkà kéékèèké òsì àti ògiri ọ̀tún, kí o wá gbé èkejì gba òsì gbàrà lọ sórí ọ̀nà ihò 5. Ó máa dà bíi pé o sọnù. O ò sọnù. Ní 16, òsì àwọn bọ́ńkà Principal's Nose. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Wàyí o, ihò 17. Jókòó kí o tó ka eléyìí.

Ṣé o rántí fèrèsé ẹ̀yìn ilé ọtí kílọ́ọ̀bù ní 2000, tí à ń yọjú wo tẹlifíṣọ̀n wọn, tí a to kéèsì mínírà méjì lé ara wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ sì wà lórí ìka ẹsẹ̀ mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin? David Duval wọ bọ́ńkà Road, ti ihò 17 yìí. Ìwọ lo ń kà á sókè: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí bọ́ọ̀lù fi máa jáde ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n ti gbóhùn wa nínú, wọ́n sì ti da omi abọ́ lé wa lórí. Mẹ́jọ ni Duval kọ. Títí dòní, bí mo bá ti gbóòórùn ọṣẹ abọ́, bọ́ńkà yẹn ni mo máa ń rí.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Orí igun òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń gbá èkíní gbà. Ìwọ rọra fà á sósì díẹ̀, bó bá bọ́ sínú koríko gíga, kò burú. Èkejì, má wo àsíá rárá. Gíríìnì yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dùbúlẹ̀ gbọọrọ sẹ́yìn bọ́ńkà náà. Títì àti ògiri ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tom Watson gbá a kọjá lọ bá ògiri yẹn ní 1984, ife sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iwájú, lápá ọ̀tún, ni kí tìẹ dúró sí, kó má dé orí gíríìnì pàápàá. Lẹ́yìn náà, pọ́tà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún ibi tí o máa yí i gbà: ní 1978, Nakajima ti dé orí gíríìnì ní tiẹ̀, pọ́tà ló fi yí bọ́ọ̀lù wọ bọ́ńkà náà, mẹ́sàn-án ló fi jáde kúrò ní ihò yẹn. Smith, ní 2022, bọ́ńkà dúró sáàárín òun àti àsíá gbáú. Ó fi pọ́tà yí i gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń yẹra fún gbèsè, ó sì gba par, iye ìgbà tí ó yẹ kí èèyàn fi parí ihò náà. Mo jókòó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n débi pé àwọn ọmọ ní kí n gbórí kúrò. Márùn-ún ni kí o kọ níbẹ̀, kí o sì jó.

Ní 18, aago ara ilé ńlá tó wà níwájú ni kí o dojú kọ. Kòtò kan wà níwájú gíríìnì, lápá òsì. Gbá èkejì kọjá rẹ̀. Má sì pẹ́ jù lórí afárá kékeré orí odò Swilcan yẹn nítorí fọ́tò.

Wọ́n ní o lè háyà kádì níbẹ̀. Háyà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú á tì ọ́ nígbà tí bàbá òyìnbó kan bá gbé báàgì rẹ kọ́ èjìká, ìwọ tí àpá okùn báàgì ṣì wà léjìká rẹ. Má bá a jiyàn. Bó bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí lẹ́tà yìí, tiẹ̀ ni kí o gbà, èmi ò débẹ̀ rí. San owó rẹ̀ pé, kí o má sì jẹ́ kó máa wá bọ́ọ̀lù rẹ nínú òjò.

Múfú, kì í ṣe báírò.

Ojú òsì mi ló ń lọ. Oṣù tó kọjá, ọ̀gá kan gbá a, mo gbọ́ ìró rẹ̀, ó mọ́ lólò, mo kí i, mo sì kọrí sábẹ́ igi kaṣú. A wá a títí. Ọmọ kádì kékeré kan ló wá na ọwọ́: bọ́ọ̀lù náà wà láàárín pápá gbangba, funfun bí ẹyin. Ọ̀gá náà ò bínú. Ó kàn ń gbé báàgì rẹ̀ fún ọmọ yẹn láti ìgbà náà ni. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi.

Dókítà ní ìfúnpá inú ẹyinjú ló pọ̀, ó ń pa iṣan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ń kán oògùn sí i lálaalẹ́, èyí tó kù lè dúró. Mò ń kán an lálẹ́ kan, mò ń fo alẹ́ kan, kó lè tọ́jọ́. Mo ti kọ orúkọ oògùn náà sínú ìwé pélébé tó wà láàárín lẹ́tà yìí. Bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ rẹ bí èèyàn ṣe lè rí i rà lọ́dọ̀ yín, kí o sì sọ iye tó jẹ́ gan-an fún mi, má dín in. Ọmọ Àlàájà tún ń bọ̀ wálé ní oṣù kẹjọ. Màá san án fún ọ díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ṣe ti kẹ̀kẹ́ ọjọ́sí. Ìyá Ìbejì ò tíì gbọ́. Bó bá pè ọ́, gọ́ọ̀fù ni kí o bá a sọ, kíá ló máa pa fóònù.

Lọ́jọ́ náà, bí o bá ti gbá kúrò ní 17, kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó pariwo lé yín, pè mí tòun tàwòrán, kí o kọjú fóònù sínú bọ́ńkà yẹn kí n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú ọ̀tún mi ṣì ń ríran.

Èmi ni,
Tàjú

Mo tún rántí: bọ́ọ̀lù tí o bá fi parí ihò 18, má tà á o. Mo mọ̀ ọ́.