Má Tíì Kun Ọkọ̀ Náà

Ìkún-Ẹ̀kìtì

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ọkọ̀ ìgbòkun tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ. Ìyá rẹ ní, "Ọmọ tí a bí sáàárín òkè, kí ló ń wá lójú ọ̀sà Èkó?" Èmi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Mo fẹ àwòrán náà títí mo fi rí ibi tí pákó ti dúdú nídìí òpó tí ìgbòkun so mọ́.

O ní Lightning ni, ẹsẹ̀ bàtà 19, irú èyí tí Olin Stephens ará Amẹ́ríkà yà ní 1938, àti pé ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí kò ti kan omi. O ní ọ̀dà ló kù, kó lè wọ omi kí Kérésìmesì tó dé. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

O mọ̀ pé mo máa ń tún ọkọ̀ àwọn apẹja orí dáàmù Èrò ṣe. Ní ọdún tí o wọ girama, ẹnì kan gbé tiẹ̀ wá, ó ń kánjú. Mo rí i pé pákó ìdí rẹ̀ ṣì tutù, ṣùgbọ́n mo gbà fún un, mo kùn ún. Ọkọ̀ náà ń dán. Kò pé oṣù márùn-ún, ìdí rẹ̀ já láàárín omi. Ọlọ́run yọ ọkùnrin náà, ó mọ omi í wẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wálé, ọ̀dà mi kò bó rárá, igi abẹ́ rẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Mo dá owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó lè gbójú sókè wò ó. N kò sọ ọ́ fún yín rí.

Nítorí náà, mú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí o máa fi tẹ gbogbo ara ọkọ̀ náà: ìdí òpó, ẹ̀yìn níbi tí ìtọ́kọ̀ so mọ́, àti gbogbo kọ̀rọ̀ tí omi òjò ń dá sí. Igi tó yè á ti ọ̀bẹ padà. Èyí tó ti rà, ọ̀bẹ á wọ inú rẹ̀ bí ìka ṣe ń wọ iyán. Gé e kúrò títí wàá fi dé igi tó ń dún kokooko. Má sì rò pé omi iyọ̀ ló bà á jẹ́. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí olú tó ń jẹ igi ráyè. Omi òjò tó dá sínú ọkọ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Máa gbé imú ọkọ̀ sókè, kí o ṣí ihò ẹ̀yìn rẹ̀, kí òjò lè ṣàn jáde.

Má jẹ́ kí wọ́n ta arère fún ọ lọ́jà pákó. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rà. Má sì lo ìṣó idẹ. Omi iyọ̀ á fa sínkì inú rẹ̀ jáde, á pọ́n, á sì ṣẹ́ níbi tí o kò ti lè rí i.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti pẹ́ jù ni àpótí abẹ irin àárín ọkọ̀, abẹ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbì ti ń fi irin wúwo yẹn ti àpótí náà sọ́tùn-ún sósì láti ọjọ́ pípẹ́, ibi tí àpótí àti ìdí ọkọ̀ ti pàdé sì ni omi máa ń gbà wọlé. Bí o bá kàn fi gọ́ọ̀mù dí i láti òkè, ẹ̀tàn ni. Tú u, jẹ́ kó gbẹ, kí o tó tò ó padà.

Ti wáyà tó di òpó mú kò le: fi òwú nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí òwú bá há sí, fọ́nrán kan ti já níbẹ̀. Pààrọ̀ wáyà náà.

Lọ́jọ́ tó bá wọ omi, má ta ìgbòkun. Igi tó gbẹ fún ọdún mẹ́jọ ti sún kì, àlàfo á wà láàárín pákó. Má fi ohun líle ki àlàfo náà. Bí pákó bá wú tí kò ríbi lọ, egungun ọkọ̀ ni yóò ṣẹ́. So ó mọ́ etí omi níbi tí kò jìn, jẹ́ kó mumi, kí o máa gbọ́n omi inú rẹ̀. Á jò, àyà rẹ á já. Fún un ní ọjọ́ mélòó kan, pákó á pa ẹnu dé.

Àbẹ̀ní, o ò mọ omi í wẹ̀. Èmi ni mo máa ń lé ọ kúrò létí dáàmù nígbà èwe, ẹ̀rù ló ń bà mí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀ báyìí. Wá ẹni tí yóò kọ́ ọ kí iṣẹ́ ọkọ̀ tó parí. Ènìyàn mẹ́ta ni ọkọ̀ yẹn ń gbà. Má dá wọ̀ ọ́, má sì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ìlúwẹ̀ẹ́ kúrò lọ́rùn.

Pákó ìrókò kan wà lórí àjà mi tó ti ń gbẹ fún ọdún mẹ́fà. Wọn ìdí òpó náà, kí o fi ìwọ̀n ránṣẹ́, kí n rẹ́ ẹ sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wá.

Bàbá rẹ.