Lẹ́tà sí Yẹ́misí: ẹran ìgbẹ́ tí o ní kí n fi ránṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ ajá ọdẹ

Ìjẹ̀bú-Òde

Yẹ́misí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Ontario yẹn ńkọ́? Mo gbọ́ fóìsì nóòtì ẹ, o ní kí n bá ẹ wá ẹtu gbígbẹ àti ọ̀yà, kí n fi rán ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn Ojúde Ọba. Mi ò ní fi ránṣẹ́ o, má bínú. Àkọ́kọ́, wọ́n á gbà á ní éápọ́ọ̀tù, ẹni ẹlẹ́ni á wá máa ṣàlàyé. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa ni mo dì dípò ẹ̀. Èkejì, ọ̀rọ̀ àìsàn tó ń pa àwọn ẹran ìgbẹ́ fúnra wọn ni, ó gùn, ìyẹn ni mo ṣe kọ lẹ́tà, torí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lórí fóònù, o máa ní mo ti tún dé nìyẹn.

Ṣé o rántí 2014 tí Ebola wọ Èkó, tí wọ́n ní ká fi omi iyọ̀ wẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, tí ìyá yín náà pọn tiẹ̀ sílẹ̀? Èèyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, nígbà tó di October 20 WHO ní ó ti tán. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ẹran ìgbẹ́ dání nígbà yẹn, ńṣe là ń wò ó bí apààyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ò ju pé ẹranko fẹ́ kó àìsàn ràn wá. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé àwọn ẹranko ọ̀hún gan-an ńkọ́, kí lojú tiwọn ń rí.

Ojú wọn ti rí màbo. Ní Kóńgò, níbi kan tí wọ́n ń pè ní Lossi, àwọn onímọ̀ kan ti ń tẹ̀ lé gòrílà kiri inú igbó, wọ́n mọ̀ wọ́n lójú, wọ́n mọ ìdílé tí kálukú wà. Ìparí 2002 wọ 2003 ni Ebola débẹ̀, nínú gòrílà 143 tí wọ́n mọ̀ yẹn, 130 di àwátì. Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo agbègbè ọ̀hún, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó tó 5,000 tó kú. O lè ní ṣebí wọ́n á bí òmíì. Ọmọ kan ni abo gòrílà máa ń bí, ó máa tó bí ọdún mẹ́rin kó tó tún bímọ, ọmọ náà sì lè má yè. Eku lè kú tán lónìí kó tún kún ilé kọ́dún tó yípo, ti gòrílà ò rí bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ohun tó ń dá mi lágara níbi iṣẹ́ dókítà ẹranko yìí rèé. Àìsàn dà bí òfófó, níbi tí èrò ò bá pọ̀ sí kì í rìn jìnnà. Tí ẹranko bá ti kù díẹ̀ tí wọ́n tún fọ́n ká inú igbó, èyí tó ń ṣàìsàn á ti kú tàbí kó ti yè kó tó pàdé ẹnì kejì, àìsàn náà á sì parí síbẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí ẹran tó ṣọ̀wọ́n bọ́ lọ́wọ́ àjàkálẹ̀ àrùn. Àmọ́ tí ẹ̀dá míì bá wà nítòsí tó pọ̀ lọ jàra, tí àìsàn yẹn ń gbé lára ẹ̀ tí kì í tán, á máa tibẹ̀ já wọ ara àwọn díẹ̀ tó kù, kò sì ní sinmi títí wọ́n á fi ku ẹyọ kan. Ta wá ni ẹ̀dá tó pọ̀ lọ jàra yẹn? Níbi púpọ̀, ajá ni. Ajá tèmi tìẹ.

Ní 1994, àwọn kìnnìún Serengeti ní Tanzania bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì ń gbé wọn ṣánlẹ̀. Distemper ni, àìsàn tó máa ń pa ọmọ ajá ládùúgbò wa níbí tí wọ́n á ní aládùúgbò ló fún un ní májèlé jẹ. Ìdá kan nínú mẹ́ta kìnnìún ibẹ̀ ló kú, bí 1,000, ọ̀dọ̀ ajá abúlé ló sì ti wá. Kìnnìún o! Ìkookò Ethiopia tó kù láyé ò tó 500, orí òkè ni wọ́n ń gbé, dìgbòlugi láti ara ajá ti pa wọ́n ní ìpakúpa lórí òkè Bale ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ajá àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára kí ìkookò lè yè, láti 2018 wọ́n tún ti ń fi oògùn sínú ẹran fún àwọn ìkookò náà jẹ.

Ó wá kan ilé wa. Lóṣù tó kọjá a lọ gún ajá lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi láwọn abúlé etí igbó Omo, lọ́nà J4, o mọ ọ̀nà yẹn. Láti 1925 nìjọba ti ya igbó yẹn sọ́tọ̀, UNESCO náà kà á mọ́ tiwọn ní 1977, síbẹ̀ oko kòkó ti jẹ ibi tó pọ̀ nínú ẹ̀. Erin ṣì wà níbẹ̀, ìnàkí díẹ̀ náà wà, chimpanzee ni mò ń wí. A so kúlà yìnyín mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, torí tí ooru bá ti mú abẹ́rẹ́ yẹn, ó ti di omi lásán. Àwọn ọdẹ kó ajá wọn wá, ṣaworo lọ́rùn gbogbo wọn. Bàbá kan fi àkísà di tiẹ̀ lẹ́nu, wọ́n fi orúnkún há a, mo fa awọ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ sókè mo gún un, ajá ò mira, Bàbá ló ń dijú.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ò dáa. Abo ajá ni, ojú ẹ̀ ti lẹ̀, ikun ń jáde nímú ẹ̀, àgbọ̀n ẹ̀ ń jẹ nǹkan tí ò sí lẹ́nu ẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ sì ti le gbagidi, distemper nìyẹn. Mo bi ẹni tó ni ín pé ìgbà wo ló wọgbó kẹ́yìn. Ó ní, "Àná." Àná ke! Ẹtà tàbí ológbò igbó èyíkéyìí tó bá pàdé ẹ̀ lóru yẹn, ó lè ti kó o. Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, a máa ń rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà míì torí pé ó ń pa èèyàn. Distemper kì í pa èèyàn, kò sẹ́ni tó ń dá sí i.

Àwa èèyàn fúnra wa náà ò mọ́wọ́ kúrò. Ní igbó Taï ní Côte d'Ivoire, ìnàkí kú ní 1999, 2004 àti 2006, nígbà tí wọ́n yẹ òkú wọn wò, kòkòrò ikọ́ èèyàn ni wọ́n bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó fẹ́ràn wọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa wọn ló ń sún mọ́ wọn jù. Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́ mọ́ wọn, ibi táwọn olùwádìí wà náà ni ìnàkí pọ̀ sí jù, torí ọdẹ kì í fẹ́ débẹ̀. Ní báyìí wọ́n ń lo máàsìkì, àlejò sì máa ń dá jókòó fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wọ igbó. Lọ́dọ̀ yín náà, bi àwọn ọmọ ẹ nípa àdán, wọ́n lè ti kọ́ ọ níléèwé: fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń hù funfun sí wọn nímú bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 2006, ó dé Ontario ní 2010, ńṣe ló ń jí wọn lójú oorun òtútù, ọ̀rá ara wọn á tán, ebi á pa wọ́n kú kí kòkòrò tí wọ́n máa jẹ tó jáde.

Ó yá, ohun tí mo fẹ́ gan-an. Ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹ dá sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, mo rí fọ́tò aṣọ tẹ́ ẹ ń mú fún Ojúde Ọba, ó dáa gan-an, èmi ò ní sọ pé kọ́mọ Ìjẹ̀bú má mú aṣọ. Owó fìlà nìkan ni kẹ́ ẹ yọ. A fẹ́ ra abẹ́rẹ́ tó ní ti distemper nínú, fún gbogbo ajá ọdẹ etí igbó yẹn, tọmọ tìyá, ká sì tún padà gún àwọn ọmọ ajá lẹ́ẹ̀kejì torí ẹ̀ẹ̀kan kì í tó wọn. Kúlà wà, epo ọ̀kadà wà lọ́rùn mi. Abo ajá yẹn ti kú, ó fi àwọn ọmọ sílẹ̀, ẹni tó ni ín sì ti ń pè mí pé ìgbà wo la tún ń bọ̀. Bá mi sọ fún akápò yín kẹ́ ẹ tó ṣèpàdé, kó o fi èsì ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Èmi ni tìẹ,
Rónkẹ́