Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí Owó Ẹ̀kọ́ Dùùrù Fi Lé Sí I

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgó-Ìwòyè,

Ẹ kú ìnáwó ọmọ. A mọ̀ pé inú yín ò dùn sí wa. Láti sáà tó ń bọ̀, ₦25,000 tí ẹ ń san yóò di ₦32,000, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ò sì ní ṣí ìwé nóòtì orin títí di sáà kẹta. Ó ti dé etí wa pé àwọn kan ń sọ pé owó lé, ìwé ò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwa náà.

Etí la fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi kọ́ dùùrù. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé, lẹ́tà ló máa ń fi pẹ́ńsù kọ sórí nóòtì kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà yẹn ni á sì máa kà. Tó bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan, á tún padà síbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọ ti kọrin dé ẹsẹ kejì. Ní báyìí, ọmọ á fẹnu kọ dò, re, mí kó tó tẹ̀ ẹ́. Á wá ibi tí dò orin náà wà fúnra rẹ̀ (orí dò ni ọ̀pọ̀ orin máa ń parí sí), á sì fi ọwọ́ òsì mú kọ́ọ̀dù (nóòtì bíi mẹ́ta tí a tẹ̀ pọ̀) mẹ́ta péré: C, F àti G. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, a ó gbé orin kan náà lọ sí kíì G, níbi tí G ti di dò, kó lè bá F ṣáàpù (dúdú tó tẹ̀ lé F) pàdé. Ọmọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì transpose, èyí tó ń bá èèyàn gbé orin lọ sí kíì mìíràn lórí kíbọ́ọ̀dù. Ìka la sì ń ṣọ́ jù, torí ọmọ tó ń fetí wá orin fẹ́ràn láti máa fi ìka méjì lù ú. Lọ́wọ́ ọ̀tún, C, D, E ni ti ìka mẹ́ta àkọ́kọ́, kí àtàǹpàkò wá gba abẹ́ wọn kọjá lọ tẹ F.

Ibi tó ti ń dùn wá gan-an ni dùùrù fúnra rẹ̀. Ó ní wáyà tó lé ní 200. Láti àárín lọ sókè, wáyà mẹ́ta-mẹ́ta ló wà fún nóòtì kan. Bí ọ̀kan bá dẹ̀ nínú wọn, ohùn á máa gbọ̀n. Lásìkò òjò, pátákó pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn wáyà á fa omi, á wú, ohùn á gòkè. Tí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, ohùn á tún wálẹ̀. Ọmọ tó ń wo ìwé lè má fura. Ọmọ tó ń fetí kọ́, ohun tó bá gbọ́ níbẹ̀ ló máa gbé lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí títún ohùn dùùrù ṣe fi kúrò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, tó di ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èkó ni ẹni tó ń bá wa ṣe é ti ń wá, ẹ sì mọ ohun tí owó ọkọ̀ dà láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023. Bí wáyà bá tún wá já, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wá látòkèèrè. A ti bẹ ẹni tó ń tún un ṣe náà títí. Owó rẹ̀ kò lè dín kù.

Ẹ lè ní ká máa lo kíbọ́ọ̀dù nìkan, torí ohùn tirẹ̀ kì í yẹ̀. A ń lò ó. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ló kù, ariwo rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kí ọmọ gbọ́ bí mí ṣe sún mọ́ fá. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé a ń kówó jẹ, rìsíìtì wà ní ọ́fíìsì, kó wá wò ó.

Owó ìwé tí ẹ ti san, a ó yọ ọ́ nínú owó sáà. Ọmọ tó ní ìdánwò lọ́dún yìí á máa bá ìwé rẹ̀ lọ. Ẹ lè san ìdajì níbẹ̀rẹ̀ sáà, kẹ́ ẹ san ìyókù ní àárín rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má tìtorí ₦7,000 yọ ọmọ tí etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là.

Tiyín ni,
Olùdarí