Lẹ́tà sí Àlàní: ẹ́ńjìnnì Micra tí kò fẹ́ yí

Sunderland,
Ìlú Ọba.

Àlàní, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàámi ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Atẹ́gùn òkun ń wọ inú egungun lásìkò yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà, ara sì le.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ẹ́ńjìnnì Micra Bàámi tí ọ̀gá mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tún ṣe kò fẹ́ yí, mo sì rí fọ́tò. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí o lè mú un dání lọ sí ìsọ̀. Fi ìkíni ṣáájú o. Àgbà ni ọ̀gá yẹn, má lọ ka lẹ́tà sí wọn létí níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, bí ẹni pé èmi fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́.

Nínú ohùn yẹn, “kàá” kan ṣoṣo ni mo gbọ́, tó wúwo, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ pa. Ká ní kà-kà-kà-kà ló ń dún ni, mi ò bá ní bátìrì ló ti rẹ̀. Ká ní kò dún rárá, wáyà kékeré tó ń gbé iná kọ́kọ́rọ́ lọ sí kick starter (mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì) ni ǹ bá ní kí ẹ wò. Ẹyọ kan tó wúwo yìí fi hàn pé kick starter gbìyànjú, agbára ni kò ká a. Yálà iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kéré, tàbí ẹ́ńjìnnì ló há.

Nítorí náà, ẹ má tì í! Mo gbọ́ ẹni tó ń pariwo lẹ́yìn rẹ pé kí wọ́n pe àwọn ọmọ wá. Bí nǹkan bá há sínú sílíńdà, títì yẹn lè tẹ fáàfù tàbí con rod (ọ̀pá tó gbé písítìnì), owó tí Bàámi ti ná yóò sì di ìlọ́po méjì.

Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí jíà wà ní free, kí ẹ fi súpánà olọ́wọ́ gígùn sí bóòtù púlì crankshaft (ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì), kí ẹ yí i bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, yíká lẹ́ẹ̀mejì gbáko. Ring àti bearing tuntun máa ń le díẹ̀, ìyẹn kò burú, bí líle náà bá ṣáà dọ́gba yíká. Bí ó bá dúró gbọn-in lójú kan, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀tì ló já sínú ihò plọ́ọ̀gì, tàbí kí àmì ṣéènì má bára mu, tí písítìnì ń lọ kan fáàfù. Bí ó bá le látòkè délẹ̀, bi ọ̀gá bóyá wọn ò ṣi ìdérí con rod kan gbé sórí òmíràn. Kí o sì bèèrè bearing tí wọ́n rà ní ọjà Araromi: crankshaft tí wọ́n lọ̀ sí ìwọ̀n 10 kò lè gba bearing 20 tó nípọn jù fún un, bí ẹ bá ti dì í tán ló máa há. Bí omi bá tú jáde láti ihò plọ́ọ̀gì, gáskẹ́ẹ̀tì tàbí top cylinder ló ń jò, nítorí omi kì í ṣe ohun tí písítìnì lè fún pọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ó há. Wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ yẹn: wọ́n ti fi ọ̀dà fàdákà kun ẹ́ńjìnnì náà, ó ń dán gbinrin! Ọ̀dà kì í gbé iná. Ibi tí wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dá iná padà sí bátìrì, ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, abẹ́ ọ̀dà ló wà. Kí rewáyà fi ẹnu dúdú tẹ́sítà sí orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kí ó fi ẹnu pupa kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ̀dà kò dé, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Kò yẹ kí ohun tí tẹ́sítà máa kà ju 0.5 vólútì lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò lójú ibẹ̀, kí ẹ dì í padà. Bátìrì fúnra rẹ̀, 12.6 ló yẹ kó wà tó bá kún, kò sì yẹ kó já sísàlẹ̀ 9.6 nígbà tí ẹ bá ń kíìkì.

Tó bá ti ń yí, ẹ má tíì dá plọ́ọ̀gì padà. Ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo, kí ẹ máa kíìkì díẹ̀díẹ̀ títí iná ọ́ìlì yóò fi kú, kí ọ́ìlì dé ibi gbogbo kó tó di pé iná ṣẹ́ sí i.

Sọ fún Bàámi pé kí wọ́n má tíì tà á. Ìlú tí mo wà yìí ni Nissan ti ṣe irú Micra yẹn láti 1992 títí di 2002, òun ló sì gba ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1993. Wo nọ́ńbà ara rẹ̀ (chassis number). Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SJN, ọmọ Sunderland ni. Mo ṣì máa ń rí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan níbí, stíárìn tiwọn ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Owó oògùn Màámi yóò wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, yọ owó rewáyà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì há lóòótọ́, má jẹ́ kí wọ́n tú u kí o tó pè mí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àkànní